Omi, Ìwọ̀n, Ìmọ́lẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ohun Tí A Fi Ń Dí Ihò Eyín

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí eyín dídí lóṣù yìí pọ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kọ̀wé, àwọn tí wọ́n dí eyín fún náà kọ̀wé. A mú mẹ́jọ nínú wọn. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń padà wá nínú ìdáhùn wa: ohun ìdíyín kì í sábà ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é bàjẹ́ wá. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ló máa ń bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín ni mí. Composite tí à ń fi dí eyín níbi iṣẹ́ wa máa ń jábọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà, pàápàá èyí tó bá wà lẹ́bàá ẹran ìdí eyín. Èyí tí kò jábọ́ ẹ̀wẹ̀, aláìsàn á ní omi tútù ń ta òun. Ìgò tuntun la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ìgò lẹ́bi. Composite fúnra rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Àdàlù oje oníkẹ́míkà àti gíláàsì tí a lọ̀ kúnná ni. Bis-GMA, oje tí Rafael Bowen ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì dá lé títí dòní. Gọ́ọ̀mù tí a kọ́kọ́ ń pa sínú ihò ló ń dì í mú, gọ́ọ̀mù náà kò sì lè di eyín mú àfi tí ásíìdì bá ti họ ojú eyín ná. Láti 1955 ni Michael Buonocore ti fi èyí hàn. Nítorí náà, bí composite bá jábọ́ lódidi, tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní tí kò jẹrà, ìdí gọ́ọ̀mù ni kí ẹ lọ wo.

Ibi tí ẹ ní ó ti ń jábọ́ jù ti sọ púpọ̀ fún wa. Ẹ̀bá ẹran ìdí eyín ni ẹ̀jẹ̀ àti omi tó ń sun lábẹ́ ẹran máa ń dé kíákíá, òwú nìkan kò sì lè dá a dúró níbẹ̀. Rọ́bà dáàmù, rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń ta yí eyín ká kí omi má bàa dé ibẹ̀, ló dára jù. Sanford Barnum ló gbé e jáde ní 1864, ohun mìíràn kò sì tíì gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ta, ẹ ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí sábẹ́ ẹran, ẹ fi òwú há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹnì kan sì máa fa itọ́ láìdáwọ́ dúró.

Ẹ wá jẹ́ ká tọ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì 37% ni èyí tó wọ́pọ̀. Ẹ́námẹ́lì, èèpo funfun líle tó wà lóde, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ tó tì í dé orí déńtínì tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì ka 15 mìíràn. Báyìí, ẹ́námẹ́lì á ti gba 30, déńtínì á gba 15 péré. Bí déńtínì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ásíìdì á jẹ wọ inú rẹ̀ kọjá ibi tí gọ́ọ̀mù lè dé. Àlàfo tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí omi tútù ta aláìsàn. Ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó kéré tán.

Gbígbẹ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ẹ́námẹ́lì gbọ́dọ̀ gbẹ títí á fi funfun bí ẹfun. Déńtínì kò gbọ́dọ̀ gbẹ bẹ́ẹ̀ láé. Ásíìdì ti kó kálísíọ́mù kúrò lójú rẹ̀. Fọ́nrán kọ́lájìn ló kù, ó sì dúró nínú omi bíi kànrìnkàn tó rin. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí i, fọ́nrán yẹn á wó lé ara wọn, gọ́ọ̀mù ò ní rí ọ̀nà wọlé. Òwú kékeré tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi gba omi kúrò lójú rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ máa dán, àmọ́ kí omi má dúró síbì kankan. Bó bá ṣèèṣì gbẹ jù, ẹ fi òwú tó rin bò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, fọ́nrán náà á tún dìde.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Ọtí tàbí acetone wà nínú rẹ̀, ó sì ń fò lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹnu ìgò bá ṣí. Ẹ má ro ó sílẹ̀ kó tó tó àsìkò, ẹ dé ìgò lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré rà á mọ́ ojú ihò fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kì í ṣe kí ẹ kàn fi kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lẹ́ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀: bó bá ṣì ń mì tó ń sá kiri, ọtí ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá dúró sójú kan, tó ń dán yíká, ni kí ẹ tan iná sí i. Bí itọ́ bá kàn án lẹ́yìn ásíìdì, nínù nìkan kò tó. Ẹ ṣàn án, ẹ tún fi ásíìdì sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ohun kan kù tí àwọn ènìyàn kì í rántí wò. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ yín sójú dígí tó mọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí ẹ bá rí omi tàbí ọ̀rá tó wọ́n sí i, ẹ̀rọ tó ń fún yín ní afẹ́fẹ́ ló ń tu òróró sínú gbogbo ihò tí ẹ ń dí, kò sì sí gọ́ọ̀mù tó lè borí ìyẹn.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín ni mí. Níbi ìdánrawò, mo fi composite dí ihò tó jìn ní mìlímítà 5 lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì tan iná sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 40. Òkè rẹ̀ le bí òkúta, àmọ́ nígbà tí mo gé e sí méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ṣé iná náà ni kò dára?

Ìdáhùn: Iná lè dára kó sì rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ composite, èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti mú un le ni camphorquinone, ìmọ́lẹ̀ búlúù tó wà ní nǹkan bíi nánómítà 468 ló sì ń gbà jù. Gíláàsì inú composite ń tú ìmọ́lẹ̀ yìí ká, àwọ̀ rẹ̀ náà ń gbé lára rẹ̀ mì, nítorí náà bó ṣe ń wọlé ló ń kú. Ìpele kan composite ojoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 2 lọ. Èyí tí wọ́n kọ bulk-fill sí lára máa ń gba 4. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú, bíi A4 tàbí C4, ẹ jẹ́ kí ìpele náà tún tín-ín-rín sí i, kí iná sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Kò pin síbẹ̀. Composite máa ń sún kì bó ṣe ń le, nǹkan bíi 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá kún ihò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ògiri ihò ló máa fà mọ́ra pọ̀. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: kí gọ́ọ̀mù já lápá kan, tàbí kí ẹ́námẹ́lì sán. Ẹ máa tò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìpele kan má kan ògiri méjì tó dojú kọ ara wọn.

Ní ti iná, ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ wá irin tàbí ike tó ní ihò roboto, fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà 4, jíjìn rẹ̀ mìlímítà 6. Ẹ gbé e lé orí ike pẹlẹbẹ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, ẹ ki composite kún un, ẹ fi irú ike bẹ́ẹ̀ bo òkè, kí ẹ sì tan iná láti òkè fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ máa ń lò. Ẹ tì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ike họ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí tó bá rọ̀ á kúrò, èyí tó le á dúró. Ẹ wọn èyí tó dúró, kí ẹ pín in sí méjì. Bó bá jẹ́ mìlímítà 4 ló kù, mìlímítà 2 ni ìpele tí iná yín tó. Bó bá jẹ́ 3, mìlímítà 1.5 péré ni, ohun yòówù kí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Iná tó ń fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní 1000 milliwatt yẹ kó parí ìpele mìlímítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá 20. Àwọn ohun tó ń dín agbára rẹ̀ kù kì í hàn sójú: composite tó ti le mọ́ ẹnu rẹ̀, ọ̀rá ìbòrí tí ojú rírán rẹ̀ bọ́ sí ọ̀gangan ẹnu iná, bátìrì tó ti rẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Èyí tó burú jù ni jíjìnnà. Ìsàlẹ̀ ihò tó wà láàárín eyín méjì lè jìn sí ẹnu iná ní mìlímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjẹrà tuntun ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ báǹdì irin tí ẹ fi yí eyín ká, ẹ tún tan iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti 20 láti ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Àmọ́ ẹ má tan án léraléra láìsinmi lórí déńtínì tó tín-ín-rín, torí ooru rẹ̀ lè pa ẹran ààyè inú eyín lára. Ẹ wọ awò aláwọ̀ ọsàn, kí ẹ lè máa wo ibi tí ẹnu iná dojú kọ. Ẹni tó bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ṣípò, kò sì ní mọ̀.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mo ń po glass ionomer fún dókítà wa. Nígbà mìíràn á ti le kí dókítà tó gbé e dé ihò, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ á máa ṣàn. Èyí tó bá sì dúró, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ojú rẹ̀ á là wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á funfun bí ẹfun. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ń ṣì í.

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì lẹ kó pọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pò ó, èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó dí eyín.

Glass ionomer, tí Alan Wilson àti Brian Kent gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, jẹ́ pọ́dà gíláàsì tó ní fluoride nínú, tí a pò mọ́ ásíìdì olómi. Bí ásíìdì bá ti kan gíláàsì ni aago ti bẹ̀rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí composite ní ti pé òun fúnra rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ kálísíọ́mù eyín, kò sì nílò iná. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò gba àfojúdá.

Ẹ gbọn ìgò pọ́dà kí ẹ tó ṣí i. Ṣíbí tó bá páálí rẹ̀ wá ni kí ẹ fi bù ú, ẹ má lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn, torí wọn kò gba iye kan náà. Ẹ rẹ́ ẹnu ṣíbí dọ́gba, ẹ má tẹ pọ́dà mọ́ inú rẹ̀. Ó wá kan omi rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti ń yàtọ̀ láti ọ̀la dé ọ̀tunla. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi kún ẹnu rẹ̀, kí ẹ tó dojú rẹ̀ dé lóòró gangan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán náà já fúnra rẹ̀, ẹ kàn fún ìgò pẹ̀lẹ́. Bí ìgò bá dagun, ẹ̀kán á tóbi tàbí kó kéré. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú ẹ̀kán, ẹ ó rí i bó ṣe yọ bọ̀ọ̀lù kékeré. Ẹ nu ìyẹn nù, ẹ ro òmíràn. Ẹ má ro ó sílẹ̀ ṣáájú, torí omi inú rẹ̀ ń fà lọ, ohun tí ẹ ó fi pò ó á wá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ pín pọ́dà sí méjì. Ẹ kó ìdajì àkọ́kọ́ wọnú omi, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹ kó ìdajì kejì wọ̀ ọ́, ẹ pò ó fún 15 sí 20. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ojú ibi kékeré ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ máa ká a mọ́ra, ẹ má tẹ́ ẹ káàkiri. Ọ̀pá ike ni kí ẹ lò, torí gíláàsì pọ́dà máa ń họ irin, ohun tó bá họ lára rẹ̀ á sì sọ àdàlù náà di aláwọ̀ eérú.

Ẹ wá gbé e sókè, kí ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ iná. Bó bá ń dán bí ohun tó rin, ásíìdì ṣì wà nínú rẹ̀ tó lè di eyín mú, kí ẹ gbé e fún dókítà lójú ẹsẹ̀. Bí dídán yẹn bá ti lọ, tó ń fà bí òwú aláǹtakùn, ó ti pẹ́ jù, kódà bó bá ṣì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ dà á nù. Ẹ má ro omi kún un láé.

Nínú yàrá tó gbóná, ohun gbogbo á yára. Ẹ lè gbé gíláàsì pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń pò ó síbi tó tutù, àmọ́ bí ìrì bá sẹ̀ sójú rẹ̀, ó ti tutù jù, ìrì yẹn á sì wọnú ìwọ̀n yín. Ẹ má gbé ìgò ásíìdì sínú fíríìjì, torí ó máa ń ki níbẹ̀.

Ó ku lílà. Fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, omi ni ọ̀tá rẹ̀, gbígbẹ náà sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí itọ́ bá tètè kàn án, ojú rẹ̀ á yọ́, á funfun. Bó bá gbẹ, á sán. Nítorí náà, bó bá ti le débi tí ẹ lè yọ báǹdì, ẹ fi fáníìṣì tàbí gọ́ọ̀mù composite bò ó, kí ẹ tan iná sí gọ́ọ̀mù náà. Bí kò bá sí méjèèjì, Vaseline sàn ju àìbò lọ. Bí ẹ bá gé èyí tó ga jù lára rẹ̀, ẹ tún un bò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó mú ojú rẹ̀ dán. Kódà ti ọdún pípẹ́ lè là bí ẹ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí eyín ìtòsí rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ fi Vaseline pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Amalgam, ìdíyín onírin tí a fi mẹ́kúrì pò, la ṣì ń lò. Kápúsù la fi ń gbọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan á jáde bí iyanrìn, lọ́jọ́ kejì á máa lẹ̀ mọ́ inú kápúsù. Mo tún rí èyí tó dára lọ́jọ́ tí a ṣe é, àmọ́ tó wú jáde kúrò nínú ihò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí eyín sì ń dun aláìsàn. Kí lẹ rò?

Ìdáhùn: Èyí tó dà bí iyanrìn, ìgbọ̀n rẹ̀ kò tó: mẹ́kúrì kò tíì rin gbogbo pọ́dà fàdákà, tánńganran àti bàbà. Kò ní dán, á fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò sì ní lágbára. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ kápúsù, ó gbọ̀n jù: á gbóná, á máa dán gan-an, á sì le kí ẹ tó kì í tán. Èyí tó dára máa ń jáde ní odidi kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń dán díẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ sórí tábìlì láti gíga bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tẹ́ díẹ̀, kò ní fọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò, títí ẹ ó fi rí i bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí kápúsù, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, torí yíyára ẹ̀rọ kò dọ́gba.

Ẹ máa kì í wọnú ihò ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ gírígírí láti ìsàlẹ̀ ihò wá sókè. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 3 sí 4 tí ẹ ti gbọ̀n ọ́n, ẹ gbọn òmíràn. Nínípọn rẹ̀ lórí ibi tí eyín ti ń pàdé ò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 1.5, torí bó bá tín-ín-rín ńṣe ló máa ń ṣẹ́.

Ti wíwú, ẹ wo páálí rẹ̀ bóyá síǹkì wà nínú rẹ̀. Bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kan amalgam tó ní síǹkì nígbà tí ẹ ń kì í, síǹkì àti omi á máa yọ gáàsì háídrójìn jáde nínú rẹ̀. Gáàsì yẹn kò ní ibi tí yóò gbà, ó á sì máa tì í. Wíwú náà sábà ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Kò sí àtúnṣe rẹ̀ àfi kí ẹ yọ ọ́. Níbi tí ẹ kò bá ti lè lé omi, èyí tí kò ní síǹkì ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Mo ní amalgam mẹ́rin lẹ́nu, ó ti pẹ́. Mo gbọ́ pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n lọ yọ wọ́n?

Ìdáhùn: Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni, àmọ́ ó ti so mọ́ irin yòókù, díẹ̀ péré ló sì ń jáde bí ooru nígbà tí ẹ bá ń jẹun. Bí wọ́n bá dúró dáadáa, tí etí wọn kò ṣí, tí ìjẹrà kò sí lábẹ́ wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí a bá ń gé e gan-an ni mẹ́kúrì ń jáde jù. Ohun kan náà ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba àwọn kan nímọ̀ràn láti má fi amalgam tuntun sẹ́nu: aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, àti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò dára. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin dè é láti January 2025, àfi níbi tí dókítà bá rí i pé aláìsàn kan nílò rẹ̀ gan-an. Ìbàyíkájẹ́ wà lára ìdí rẹ̀ tó tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan ẹ̀yin tó ń lò ó níbi iṣẹ́. Àjẹkù amalgam, kápúsù òfìfo àti eyín tí a yọ tó ní amalgam nínú, inú ike tó dé pinpin ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í bá omi lọ, wọn kì í wọnú iná, wọn kì í sì wọnú ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́. Bí mẹ́kúrì bá dànù, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fà á, torí méjèèjì á tú u ká afẹ́fẹ́. Bí a bá sì ní láti yọ amalgam, ẹ fi rọ́bà dáàmù sí i, ẹ fi omi púpọ̀ àti ẹ̀rọ ìfamọ́ra tó lágbára, kí ẹ gé e sí èkìrì ńlá, ẹ má lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi composite lé ibi tí a ti fi ìdíyín onígbà díẹ̀, èyí tó ń rùn bíi kànáfùrù, dí?

Ìdáhùn: Eugenol, òróró inú kànáfùrù, ló ń rùn yẹn. Ó ń tu eyín lára, àmọ́ kì í jẹ́ kí composite le dáadáa. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé composite ni yóò tẹ̀ lé e, èyí tí kò ní eugenol ni kí ẹ fi dí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ họ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi pumice (lẹ́búlẹ́bú òkúta tí a fi ń fọ eyín) àti omi lásán fọ ihò, kí ẹ lo gọ́ọ̀mù tó ń lọ pẹ̀lú ásíìdì ọ̀tọ̀. Gọ́ọ̀mù tí ásíìdì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kì í fọ nǹkan kan kúrò, eugenol tó bá wà níbẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ sọ eyín mi di funfun, mo sì ní ihò kan níwájú. Èwo ni kí ó ṣáájú?

Ìdáhùn: Bí ihò náà bá jìn tàbí tó ń ro yín, ẹ jẹ́ kí dókítà fi glass ionomer dí i ná, torí oògùn ìfunfun kò gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ eyín di funfun, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi composite dí i. Ìdí méjì ni. Ọ́síjìn tí oògùn náà fi sílẹ̀ nínú eyín kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù le, àwọ̀ eyín náà sì máa ń padà wálẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan àwọ̀ composite nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí wọ́n tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí eyín tàbí ta rọ́bà. Eyín tó gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe rí lọ, àwọ̀ tí a bá sì yàn nígbà yẹn kò ní bá a mu lọ́jọ́ kejì. Composite kì í di funfun pẹ̀lú oògùn, nítorí náà ẹ kò lè fi oògùn tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Orí ìka mi méjì àkọ́kọ́ ń yún mi, ó ń bó, àmọ́ mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ nígbà gbogbo. Composite àti gọ́ọ̀mù ni mo ń lò jù.

Ìdáhùn: Ẹ lọ rí dókítà awọ ara, kí ẹ sì mú orúkọ àwọn èròjà tí ẹ ń lò dání, pàápàá ìwé inú páálí gọ́ọ̀mù. Ó jọ pé oje inú rẹ̀ ni ara yín ti kọ̀. HEMA, oje kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù, máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ lásán kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kò sì ní rí ihò kankan. Ìbọ̀wọ́ tó bá kàn án, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ wọ òmíràn. Ẹ má fi ọtí nù ún, torí ọtí á tàn án káàkiri. Ẹ má fi ìka mọ composite láé. Irinṣẹ́ ló wà fún un. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò gọ́ọ̀mù náà: bí ẹ bá rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni ìka yín méjèèjì ti ń rí i, torí òun ni ẹ máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka mú lójoojúmọ́. Ẹ fi bébà tó rin nù ún lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí ẹ ó bọ́ sọnù lẹ́yìn rẹ̀.